Owó kékeré tó ń bẹ̀rẹ̀ ìwádìí nánò: kí ló wà fún, ta ló ń fúnni, kí ló sì ń dí i lọ́wọ́?

Kí owó ńlá tó jáde fún ìwádìí lórí ìmọ̀ nánò, owó kékeré kan ti sábà máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ níbì kan, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì gbà pé ọ̀rọ̀ náà lè já sí nǹkan. Owó kékeré yẹn ni àwọn òyìnbó ń fi orúkọ irúgbìn pè. Àgbẹ̀ tó ń gbin iṣu lè pè é ní owó èèbù. Ẹ ò ní sè é jẹ, ẹ ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé gbogbo rẹ̀ ló máa ta, ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá ní in, ebè lásán lẹ kọ.

Owó ìbẹ̀rẹ̀ yìí ni àlàyé tó wà nísàlẹ̀ dá lé, pàápàá bó ṣe kan ìwádìí lórí àwọn èròjà tó kéré dé ìwọ̀n nánò, láti Manchester títí dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Báwo ni nánò ṣe kéré tó?

Ẹ mú rúlà, ẹ wo àlàfo tó kéré jù lórí rẹ̀, ìyẹn mílímítà kan. Bí ẹ bá lè gé àlàfo yẹn sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nánómítà. Irun orí èèyàn kan ṣoṣo nípọn tó nǹkan bíi nánómítà 80,000 sí 100,000. Ohun tó bá wà láàárín nánómítà 1 sí 100 ni àwọn onímọ̀ máa ń kà mọ́ èròjà nánò.

Kì í ṣe kíkéré nìkan ni wọ́n ń wá. Bí nǹkan bá kéré dé ibẹ̀, ìwà rẹ̀ á yí padà. Wúrà tó ń dán yinrin lọ́rùn ìyàwó, bó bá di ẹyọ nánò nínú omi, omi náà lè pọ́n bíi zobo. Fàdákà tó bá kéré bẹ́ẹ̀ á túbọ̀ lágbára láti pa kòkòrò àìfojúrí, nítorí bí nǹkan bá ṣe kéré tó ni ojú rẹ̀ tó ń kan ìta ṣe ń pọ̀ sí i ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti da iyọ̀ lílọ̀ àti iyọ̀ òkúta sínú omi rí mọ èyí tó máa kọ́kọ́ yọ́.

Kí nìdí tí owó ńlá kì í fi í ṣáájú?

Olùwádìí tó bá fẹ́ gba owó gọbọi lọ́wọ́ ìjọba tàbí àjọ ńlá gbọ́dọ̀ kọ ìwé àbá. Àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa jókòó lé ìwé náà lórí, ohun tí wọ́n sì máa kọ́kọ́ béèrè ni pé: kí lo ti rí? Wọ́n fẹ́ rí àwòrán, wọ́n fẹ́ rí iye, wọ́n fẹ́ rí ẹ̀rí pé ohun tó ń sọ kì í ṣe àlá. Ṣùgbọ́n owó ló máa fi rí ohun tí wọ́n ní kó mú wá. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ní kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀ mú ìrírí ọdún márùn-ún wá kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́.

Àlàfo yìí ni owó ìbẹ̀rẹ̀ wà fún. Kò pọ̀, ó máa ń tètè jáde, kì í béèrè ẹ̀rí púpọ̀, wọ́n sì gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ó lè ṣòfò. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló máa ń ṣòro jù fún ìjọba láti gbé mì, nítorí kò sí mínísítà tó fẹ́ dúró níwájú àwọn aṣòfin kó máa ṣàlàyé ibi tí owó tí ò so èso wọlé sí.

Ohun tí owó náà ń rà kò ṣòroó kà: kẹ́míkà díẹ̀, gíláàsì àti abọ́ ìdánwò, àjẹmọ́nú akẹ́kọ̀ọ́ kan fún oṣù mélòó kan, àti wákàtí lórí ẹ̀rọ tó ń fi ohun kékeré han ojú. Nínú ìmọ̀ nánò, èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló máa ń gbé owó lọ.

Manchester: sẹ́lótéèpù àti dúdú inú pẹ́ńsù

Àpẹẹrẹ tí wọ́n máa ń tọ́ka sí jù ni ti Yunifásítì Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Andre Geim, tí wọ́n bí ní Sochi nílẹ̀ Rọ́ṣíà, dé ibẹ̀ láti Netherlands lọ́dún 2001. Ó mú àṣà kan dání. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ gidi tí wọ́n ń sanwó fún, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ máa ń ya àkókò díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ohun tó dà bí eré, tí wọn ò tọrọ owó lé lórí. Wọ́n ń pè é ní ìdánwò alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀.

Irú eré bẹ́ẹ̀ ni Geim ṣe ní Netherlands lọ́dún 1997 tó fi gbé ọ̀pọ̀lọ́ ààyè kan sókè nínú afẹ́fẹ́, láìfọwọ́ kàn án, pẹ̀lú agbára mágínẹ́ẹ̀tì nìkan. Wọ́n tiẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Ig Nobel ti ọdún 2000 lórí rẹ̀, ìyẹn ẹ̀bùn àwàdà tí àwọn onísáyẹ́ǹsì fi ń pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Ní 2003, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Manchester ṣe téèpù tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ ọmọńlé ṣe ń lẹ̀ mọ́ ògiri.

Lẹ́yìn náà ló kan gíráfáìtì, ohun dúdú tó wà nínú pẹ́ńsù. Ìbéèrè wọn kò ju pé, báwo lèèyàn ṣe lè mú un fẹ́lẹ́ tó? Geim gbé òkúta gíráfáìtì fún akẹ́kọ̀ọ́ kan pé kó máa há a. Ó há a, ó há a, òkúta fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, síbẹ̀ ohun tó kù ṣì nípọn jù. Ẹlòmíì nínú yàrá ìwádìí ọ̀hún ló wá fi ohun tí àwọn tó ń lo máíkíróskóòpù ti ń ṣe tipẹ́ hàn wọ́n. Wọ́n á lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ gíráfáìtì, wọ́n á ṣí i kúrò kí ojú rẹ̀ lè mọ́, wọ́n á sì ju téèpù náà nù. Ohun tó yẹ kó bọ́ sínú garawa ìdọ̀tí yẹn ni wọ́n gbé sábẹ́ awò, àwọn èérún tó wà lára rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ ju èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ náà há lọ fíìfíì. Geim àti Konstantin Novoselov ń bá a lọ títí wọ́n fi dé ìpele tó jẹ́ átọ́ọ̀mù ẹyọ kan péré. Òun ni wọ́n ń pè ní graphene.

Ìwé ìròyìn Nature kọ̀ láti gbé iṣẹ́ náà jáde. Science ló gbé e ní oṣù Kẹwàá ọdún 2004. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì. Ìgbà yẹn lowó wá ń wọ́ tẹ̀lé wọn: àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ètò bílíọ̀nù kan yúrò fún ọdún 10 lórí graphene ní 2013, Manchester náà sì ṣí ilé ìwádìí graphene tí wọ́n ná mílíọ̀nù 61 pọ́ùn lé lórí ní 2015.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ tí Geim sọ nínú àsọyé Nobel rẹ̀ kún un. Ó ní nǹkan bíi 24 irú ìdánwò eré bẹ́ẹ̀ lòun ṣe láàárín nǹkan bí ọdún 15, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló forí ṣánpọ́n, mẹ́ta péré ló yọrí. Mẹ́ta nínú 24. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò owó ìjọba ló wo ìwé rẹ̀ lẹ́yìn ìkẹwàá, ó ṣeé ṣe kó ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn náà pa.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ìtàn yìí ti máa ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé sẹ́lótéèpù nìkan ni wọ́n fi gba Nobel. Téèpù ò wọ́n lóòótọ́, àmọ́ awò tí wọ́n fi rí èérún náà ti wà nílẹ̀. Ẹ̀rọ tó wọn bó ṣe nípọn tó wà níbẹ̀, bákan náà lẹ̀rọ tí wọ́n fi so wáyà tíńtín mọ́ ọn láti mọ bí iná ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá. Owó oṣù àwọn tó ń ṣeré náà sì ń wọlé. Orí ilé tí wọ́n ti kọ́ tán ni owó kékeré náà bá iṣẹ́, ibi tí kò bá sì sí ilé, òun nìkan ò lè dá a ṣe.

Ta ló ń fúnni?

Amẹ́ríkà ló ní onírúurú ọ̀nà jù. Ààrẹ Bill Clinton kéde ètò ìmọ̀ nánò ìjọba àpapọ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2000, George W. Bush sì buwọ́ lu òfin rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2003. Lábẹ́ àjọ NSF, tó ń bójú tó ìwádìí sáyẹ́ǹsì níbẹ̀, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní EAGER, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Wọ́n ṣe é fún èrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú, tó lè fọ́ tàbí kó yí nǹkan padà. Owó rẹ̀ lè tó 300,000 dọ́là fún ọdún méjì, kò sì pọn dandan kí wọ́n fi ìwé àbá náà ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ ìta. Òṣìṣẹ́ NSF tó mọ ẹ̀ka náà lè dá a gbé yẹ̀ wò. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá òṣìṣẹ́ ọ̀hún sọ̀rọ̀.

NSF yìí kan náà ní àwọn ibùdó ìwádìí èròjà tí wọ́n ń pè ní MRSEC nínú yunifásítì, láti ọdún 1994. Ibùdó kọ̀ọ̀kan máa ń yọ díẹ̀ nínú owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn iṣẹ́ kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá yọrí lè dàgbà di iṣẹ́ ńlá nínú ibùdó náà, èyí tí ò bá yọrí, wọ́n á gbé owó rẹ̀ fún ẹlòmíì láìsí ariwo.

Ọ̀nà kan tún wà tó jẹ́ pé kì í ṣe owó rárá. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí agbára ní ibùdó nánò márùn-ún, ọ̀kan nínú wọn ni Molecular Foundry tó wà ní Berkeley, ní California. Ẹni tí wọ́n bá gba ìwé àbá rẹ̀ wọlé á lo ẹ̀rọ ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bó bá ti gbà láti tẹ ohun tó bá rí jáde fún aráyé. Ẹni tó bá mọ bí ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ṣe wọ́n tó máa mọ̀ pé ẹ̀bùn náà kì í ṣe kékeré.

Wákàtí lórí ẹ̀rọ ẹlòmíì ti gba Nobel rí ṣá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985, Harold Kroto wá láti Yunifásítì Sussex sí Rice, nílùú Houston, nítorí ó fẹ́ fi ẹ̀rọ lésà kan tí Richard Smalley ní sun kábọ́ọ̀nù, kó lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nítòsí àwọn ìràwọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Smalley ń lọ́ra, torí iṣẹ́ mìíràn ni ẹ̀rọ náà ń ṣe. Nígbà tó yọ̀ǹda rẹ̀ tán, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n rí ẹyọ kan tó ní átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù 60, tó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù aláwọ. Àwọn méjèèjì àti Robert Curl gba Nobel nínú kẹ́místrì lọ́dún 1996.

Ní Nàìjíríà ńkọ́?

TETFund ni orúkọ tó máa kọ́kọ́ wá sẹ́nu. Òfin ọdún 2011 ló gbé e kalẹ̀ bó ṣe wà lónìí, lẹ́yìn ETF tó ti wà ṣáájú. Orí èrè àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ti ń yọ owó rẹ̀: ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, òfin ìnáwó ọdún 2021 sọ ọ́ di 2.5, ti 2023 sì gbé e dé 3. Yunifásítì, pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ló ń jẹ ànfààní rẹ̀.

Ipele méjì ni owó ìwádìí TETFund pín sí. Èyí tó kéré, tí wọ́n ń pè ní IBR, ilé-ẹ̀kọ́ ló ń kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dé Àbújá; fún ọ̀pọ̀ ọdún, mílíọ̀nù méjì náírà ni òdiwọ̀n rẹ̀. Èyí tó tóbi, NRF, jẹ́ ìdíje láàárín àwọn olùwádìí káàkiri orílẹ̀-èdè. Nítorí náà, IBR gan-an ni èèbù. Bí wọ́n ṣe tò ó dára: ẹ fi kékeré wá ẹ̀rí, kí ẹ fi ẹ̀rí náà lọ béèrè ńlá.

Náírà ló da ètò náà rú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2014, mílíọ̀nù méjì náírà ju 12,000 dọ́là lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ó ti bọ́ sí nǹkan bíi 4,300. Lẹ́yìn tí ìjọba fi náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, tí dọ́là kan wá ń gbá 1,500 náírà lọ́dún 2024, mílíọ̀nù méjì náà kò tó 1,400 dọ́là mọ́. Kẹ́míkà ìwádìí kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà ní ọjà Bódìjà. Òkè òkun ló ti ń wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ EAGER: 300,000 dọ́là, nírú iye ọjà 2024 yẹn, jẹ́ mílíọ̀nù 450 náírà.

Síbẹ̀, kì í ṣe pé àwọn olùwádìí ń káwọ́ gbera. Ní LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, ẹgbẹ́ olùwádìí kan wà tó ń jẹ́ NANO+, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef, onímọ̀ nípa kòkòrò àìfojúrí, ń darí. Ohun tí àgbẹ̀ ń dà nù ni wọ́n fi ń ṣe fàdákà nánò. Lára iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016, wọ́n lo èèpo kòkó, wọ́n lo èèpo obì gbàǹja, wọ́n tiẹ̀ lo òwú aláǹtakùn. Èyí tí wọ́n fi èèpo kòkó ṣe, wọ́n dán an wò lára ìdin ẹ̀fọn. Ti èèpo obì, wọ́n pò ó mọ́ ọ̀dà ilé láti mọ̀ bóyá á lè dènà kòkòrò àti èbu lára ògiri. Ẹni tó bá ti gbé ilé tí ògiri rẹ̀ ń hu èbu nígbà òjò kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé ohun tí irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ lè wúlò fún.

Ìpìlẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ò wọ́n. Wọ́n á fi omi fa ohun tó wà nínú èèpo jáde, wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ iyọ̀ fàdákà tí wọ́n ń pè ní silver nitrate, àwọ̀ omi náà á sì yí padà di pupa rẹ́súrẹ́sú bíi tíì. Ojú lásán lè rí èyí. Ẹ̀rọ tó ń wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú omi kọjá á jẹ́rìí sí i, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ sì ní irú rẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà ni ìbéèrè tó kàn: báwo ni ẹyọ fàdákà náà ṣe tóbi tó, ṣé roboto ni àbí onígun? Máíkíróskóòpù elékítírọ́ọ̀nù nìkan ló lè dáhùn rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rọ yìí wọ́n bí ojú. Ó fẹ́ kí afẹ́fẹ́ tán pátápátá nínú rẹ̀, ó sì fẹ́ iná tí kì í ṣẹ́jú. Ẹ wá fi NEPA sí àárín ọ̀rọ̀ náà. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ olùwádìí Nàìjíríà ló ń di ìgò kékeré wọn ránṣẹ́ sí òkè òkun tàbí South Africa, níbi tí ìjọba ti ṣí ibùdó nánò méjì ní 2007, ọ̀kan ní CSIR, ọ̀kan ní Mintek. Àwòrán mélòó kan lè pẹ́ kó tó dé. Àwọn tó bá sì wo ìgò ọ̀hún fún wọn lọ́hùn-ún, orúkọ wọn máa ń wọ inú àpilẹ̀kọ náà. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n olùwádìí tí kò ní ọ̀rẹ́ lókè òkun ńkọ́?

Fún ìdí èyí, bí wọ́n bá kàn sọ mílíọ̀nù méjì di mílíọ̀nù márùn-ún, ìdajì ìṣòro náà ni wọ́n yanjú. Máíkíróskóòpù gidi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ibì kan ní Gúúsù Ìwọ̀-oòrùn, tó ní iná tirẹ̀, tó ní òṣìṣẹ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, tí ilé-ẹ̀kọ́ yòówù lè kọ̀wé sí fún wákàtí mẹ́rin, lè mú kí mílíọ̀nù méjì ọ̀hún padà níyì díẹ̀.

Ṣé wọn ò ní kó owó náà jẹ?

Ìbéèrè yìí tọ́. Owó tí wọ́n ń fúnni kíákíá, láìsí onímọ̀ ìta tó yẹ̀ ẹ́ wò, lè di owó ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wá kó ìgbìmọ̀ mẹ́ta lé owó kékeré lórí, ìwé tí wọ́n máa tẹ̀ fún ìpàdé á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó náà. NSF ní tiẹ̀ máa ń gbé orúkọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti iye owó rẹ̀ síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni lè rí i, EAGER náà sì wà níbẹ̀. Ìyẹn sàn ju ìgbìmọ̀ lọ. Bí Nàìjíríà bá ṣe irú rẹ̀, kí wọ́n fi èyí tó forí ṣánpọ́n kún un, torí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn nílò láti mọ ọ̀nà tí ò já.

Apá kan tún wà tí wọ́n máa ń gbójú fò. Ohun tó ń pa kòkòrò nínú ọ̀dà lè ṣàn lọ sínú odò, kó pa kòkòrò tó wúlò níbẹ̀. Omowunmi Sadik, ọmọ Nàìjíríà tó kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́místrì ní UNILAG kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nílẹ̀ Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Sustainable Nanotechnology Organization sílẹ̀ ní 2012, kí ìwádìí lórí ewu má baà jìnnà sẹ́yìn ìwádìí lórí èrè. Ìdánwò ewu náà nílò owó ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí olùrànlọ́wọ́, nítorí kò sí ọjà tó máa tà.

Ẹni tó bá fẹ́ béèrè ńkọ́?

Fún olùkọ́ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Nàìjíríà, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìwádìí nínú ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ìwé IBR ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe Àbújá. Kó béèrè fún fọ́ọ̀mù tuntun àti òdiwọ̀n owó tó wà lórí rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, kó má fi ti ọdún tó kọjá ṣírò. Àwọn tó wà ní Benin àti Togo lè wo ti TWAS, àjọ onísáyẹ́ǹsì tí Abdus Salam dá sílẹ̀ ní 1983, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Trieste nílẹ̀ Ítálì. Ẹ̀rọ àti ohun èlò ni owó ìwádìí rẹ̀ wà fún, kò wà fún owó oṣù. Ohun yòówù kó jẹ́, kí ẹni náà ti mọ ibi tó ti máa rí máíkíróskóòpù lò, kó sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé àbá náà, pẹ̀lú owó tí wọ́n máa fi gbé ìgò náà dé ibẹ̀.